Ilé Fernandez, Ilé Ọláìyá: Ìtàn Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú

  Nínú ìwé àjọ̀dún bí irú èyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, owó ìfipamọ́ àti èrè ló sábà máa ń gba ojú ìwé. Ìyẹn náà dára, torí owó la fi ń ṣọjà. Ṣùgbọ́n àwọn olóòtú ní kí n kọ nǹkan nípa ìtàn Èkó tí ọlọ́jà lè kà tí kò ní sú u. Mo rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, mo ní ilé kan ni màá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé náà ni wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Kò sí níbẹ̀ mọ́ báyìí, ọdún 2016 ni wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà, tòun ti ẹrù lórí, tá ò sì béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Ẹni tó bá ti Balógun tàbí Ìdúmọ̀tà bọ̀, tó dé Ìta Tinúbú níbi omi tó ń tú sókè yẹn, ilé náà kò jìnnà sí i rárá. Nọ́ńbà 2, Òpópónà Bámgbóṣé ni. (Omi tó ń tú sókè yẹn fúnra rẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tó ń gbé Èkó ló fi ta ìlú lọ́rẹ nígbà òmìnira ní 1960.) Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, kò ga rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé ńláńlá tó yí i ká, ṣùgbọ́n ojú tó bá rí i á mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Orúkọ mẹ́ta ló jẹ́ láyé ẹ̀. Casa do Fernandez ni ti àkọ́kọ́, èdè Potogí ni, ìtumọ̀ ẹ̀ kò ju “ilé Fernandez” lọ. Nígbà tó yá ó di Ilojo Bar. Àwọn mìíràn sì ń pè é ní Ilé Ọláìyá.

Ọdún 1855 ni wọ́n ní wọ́n kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọdún yẹn, torí Èkó ìgbà náà kì í ṣe Èkó tí a mọ̀. Ní oṣù Kejìlá 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá fọ́ Èkó, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ, tí wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba. Benjamin Campbell ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílùú. Èkó kò tíì di ti Gẹ̀ẹ́sì, ó di 1861 kí wọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Dòsùnmú. Ilé tó pọ̀ jù nílùú, ilé amọ̀ ni, ewéko ni wọ́n fi bo orí ẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́ lójúlé kan, ó lè jó àdúgbò tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní 1855 yìí kan náà, Ẹfúnróyè Tinúbú ṣì wà l'Ékòó. Kò sí ọlọ́jà tí kò mọ orúkọ yẹn. Ẹ̀gbá ni, ó ń ta iyọ̀, ó ń ta tábà, ó ń ta epo, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú, ká má purọ́ fún ara wa. Agbára ẹ̀ láàfin pọ̀ gan-an, kò sì fẹ́ràn bí àwọn tó ń ti òkè òkun dé ṣe ń rí ààyè lọ́dọ̀ Ọba. Àwọn náà ń bẹ̀rù ẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ìjà, Campbell gbè sẹ́yìn àwọn tó dé, nígbà tó sì di 1856 wọ́n lé Tinúbú kúrò ní Èkó. Abẹ́òkúta ló gbà lọ, ibẹ̀ ló ti jẹ Ìyálóde ní 1864, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1887. Ẹ wá wo bí ayé ṣe rí. Àwọn Àgùdà ń kọ́ ilé sí etí ibẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú èyí tí wọ́n lé ìyá náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ tìyá náà ni ìta yẹn ń jẹ́ títí dòní. Ilé ti wó, orúkọ ọlọ́jà ṣì wà níbẹ̀.

Ta wá ni Àgùdà? Àwọn ọmọ Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn ni, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Bahia ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ní oṣù Kìíní 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú níbẹ̀, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìde ogun sí àwọn olówó wọn. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ìyà tó tẹ̀lé e kò sì kéré: wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Látìgbà náà ni àwọn tó ti gba òmìnira ti túbọ̀ ń wọkọ̀ ojú omi bọ̀ wálé. Ó di 1888 kí Bùràsíìlì tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ní Òpópónà Bámgbóṣé, àwọn ará tí wọ́n fi sẹ́yìn ṣì wà nínú ìdè.

Báwo wá ni ẹrú ṣe ń di òmìnira? Èyí gan-an ló jẹ́ kí n sọ pé ìtàn yìí kàn wá. Owó ni wọ́n ń dá jọ. Ní Bahia, àwọn èèyàn wa ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kálukú á máa mú díẹ̀díẹ̀ wá nínú ohun tó rí lóòjọ́. Bí owó bá pé, wọ́n á fi ra ẹnì kan jáde. Ẹni tó jáde á máa dá owó náà padà sínú àpò, kí wọ́n lè fi ra ẹlòmíràn. Èsúsú ni, àbí kí ni ká pè é? Àwọn obìnrin tó ń kiri oúnjẹ ní ìgboro Bahia, tí wọ́n gbé àkàrà àti èso rù, wà lára àwọn tó tètè rówó ra ara wọn. Ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jẹ́ nǹkan tí òyìnbó kọ́ wa, kó lọ ka ìtàn yẹn.

Nígbà tí wọ́n dé Èkó, àdúgbò tí wọ́n fún wọn la mọ̀ sí Pópó Àgùdà, láti Campos lọ sí Bámgbóṣé, Ìgbóṣeré àti Tòkunbọ̀. Wọn ò kó wúrà bọ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kó bọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́: bíríkìlà, kápẹ́ńtà, alágbẹ̀dẹ, télọ̀, àwọn tó mọ oúnjẹ sè. Fùréjọ̀n tí wọ́n ń fi ẹ̀wà àti omi àgbọn sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ọ̀dọ̀ wọn la ti mọ̀ ọ́n. Ìjó Kàrétà tí a ń wò l'Érékùṣù náà, tiwọn ni.

Ìdílé Fernandez wà lára wọn. Ilé tí wọ́n kọ́, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe nísàlẹ̀, wọ́n sì ń gbé òkè. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ọlọ́jà ni? Ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè, kò sówó ọkọ̀, kò sí pé olè ń já ṣọ́ọ̀bù nígbà tí olówó sùn sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ilé náà fúnra rẹ̀ dáadáa. Ògiri ẹ̀ nípọn ju ti ilé tí à ń kọ́ báyìí lọ fíìfíì. Nísàlẹ̀, lójú títì, ẹnu ọ̀nà ló tò lọ lẹ́sẹẹsẹ, orí wọn tẹ̀ kọrọdọ bí òṣùmàrè. Kì í ṣe ẹwà nìkan ni wọ́n fi orí títẹ̀ yẹn ṣe. Nígbà tí kò sí ọ̀pá irin tí à ń kì sínú sìmẹ́ǹtì, bí bíríkìlà bá fẹ́ ṣí ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ lára ògiri wíwúwo, ó ní láti tẹ orí ẹ̀ kí ẹrù òkè lè pín sọ́tùn-ún sósì, kó má baà já lu àárín. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò lè ṣe é. Ẹnu ọ̀nà tó pọ̀ báyẹn sì mú kí ilé ọtí ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọjá, atẹ́gùn ń wọlé, oníbàárà ń wọlé.

Lókè, fèrèsé gígùn gígùn bí ilẹ̀kùn ni, èèyàn lè ṣí i kó jáde sórí faráńdà tóóró tí wọ́n fi irin oníṣẹ́ ọnà ṣe ọgbà ẹ̀. Láti ibẹ̀, ará ilé á rí gbogbo ohun tó ń lọ ní ìta. Ara ògiri kò ṣófo. Wọ́n fi ọwọ́ mọ òpó pẹlẹbẹ mọ́ ọn, wọ́n mọ òdòdó àti ewé sórí ẹnu ọ̀nà, wọ́n fa ìlà yí ibi tí àjà ìsàlẹ̀ ti pàdé ti òkè. Irú iṣẹ́ yìí, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe é nígbà tí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri kò tíì gbẹ. Bí ó bá ti gbẹ pẹ́nrẹ́n, ó tán. Wọ́n á wá kun ún ní ọ̀dà tó tàn.

Inú ilé Àgùdà náà yàtọ̀. Nínú agbo ilé baba wa, àgbàlá ló wà láàrin, yàrá ló yí i ká, gbogbo ẹbí ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń dáná nínú àgbàlá. Àwọn Àgùdà kọjú ilé sí títì. Wọ́n gba ọ̀nà kan já láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n to yàrá sọ́tùn-ún àti sósì ọ̀nà náà, wọ́n sì fi àgbàlá, kànga àti ilé ìdáná sẹ́yìn. Ó ṣẹlẹ̀ pé àwòṣe yìí rọrùn fún ẹni tó fẹ́ gba ayálégbé. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi kọ́ ọ, ó dé Ìbàdàn, ó dé Abẹ́òkúta, ó dé Ìjẹ̀bú, ó dé Iléṣà. Ilé tí à ń pè ní fesi-mi-n-fesi-ẹ tí ọ̀pọ̀ wa ti háyà rí, tí a ti jà torí omi àti torí gbígbálẹ̀ nínú ẹ̀, ọmọ ọmọ ilé Àgùdà ni. Ẹwà ni wọn ò jogún.

Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yìí kò mọ sí ilé gbígbé. Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló wà nídìí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Holy Cross àkọ́kọ́ tí wọ́n parí ní nǹkan bí 1883. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà tí í ṣe onígbàgbọ́, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, pẹ̀lú Sànúsí Àká tí í ṣe Mùsùlùmí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 1894 ni wọ́n ṣí i, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Onígbàgbọ́ ń kọ́ mọ́ṣáláṣí, Mùsùlùmí ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ onígbàgbọ́, kò sẹ́ni tó bá wọn jà sí i. Mo fẹ́ràn apá yẹn nínú ìtàn Èkó gan-an ni.

Ilé Bámgbóṣé wà lọ́wọ́ àwọn Fernandez títí di 1933. Ọdún yẹn ni Alfred Omolona Ọláìyá rà á. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ní ilẹ̀ Èkìtì ni, ọlọ́rọ̀ ni, ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé ju ìdajì éékà lọ. Ẹ fojú inú wo ìdajì éékà ní àárín gbùngbùn Èkó! Ilé yẹn kúrò lọ́wọ́ ọmọ Àgùdà, ó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ òkè tó rí jájẹ, ó sì tún ń jẹ́ ilé ọtí. Látìgbà yìí ni a ti gbọ́ orúkọ Ilojo Bar.

Ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n bí nínú ìdílé náà. Ẹni tó ṣìkejì lógún… ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á dáadáa, ogúnléèyàn tóun jẹ́ ogún gan-an, ni Victor Ọláìyá. Kàlàbá ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 1930. Àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n, bó bá ti gbé fèrè sẹ́nu tó fi áńkáṣíìfù funfun nu òógùn, kò sẹ́ni tó ń jókòó mọ́. Wọ́n ti gbà á sí Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà kó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, iṣẹ́ ilé àti afárá kíkọ́, ṣùgbọ́n orin ló yàn, àwọn òbí ẹ̀ kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1954 ló dá ẹgbẹ́ Cool Cats sílẹ̀. Ó kọrin níbi ayẹyẹ nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956, ó kọrin níbi òmìnira ní 1960. Fẹlá kọjá lábẹ́ rẹ̀ kó tó dá dúró. Victor Ọláìyá kú ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì 2020. Ilé bàbá ẹ̀ ti ṣáájú ẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún.

Kí ilé tó lọ, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà tó yẹ ká fi wéra. Ní 1955, àjọ LEDB tó ń tún Èkó ṣe gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó àárín Èkó, agbègbè tó tó 70 éékà, wọ́n ní ilé ibẹ̀ ti há jù, ó sì dọ̀tí. Òmìnira ń bọ̀, ìjọba kò fẹ́ kí àlejò rí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ni wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà tó bá ṣì wà láàyè. Obìnrin tó ń ta ọjà níwájú ilé ẹ̀ ní Èkó, tí oníbàárà ẹ̀ mọ ojúlé ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé tuntun tó mọ́ tónítóní, kò sì rí ẹni ra ọjà lọ́wọ́ ẹ̀. Owó ọkọ̀ láti padà wá sí ọjà Èkó lójoojúmọ́ jẹ èrè tán. Àwọn kan fi ọjà títà sílẹ̀ pátápátá. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé wíwó, ìlú á máa sọ iye ilé, a kì í ka iye ọjà tó kú.

Ṣùgbọ́n ní 1956, ní àárín ìgbà tí ìdààmú yẹn ń lọ, ìjọba kéde pé Ilojo Bar ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ilé àwọn aládùúgbò ń wó, tiẹ̀ dúró. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1979, èyí tó dá àjọ NCMM tó ń mójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, tún fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé láìgba àṣẹ àjọ náà, ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wó ohun ìrántí orílẹ̀-èdè tàbí kó yí i padà.

Ohun tó dùn létí nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí ọlọ́jà. Wọ́n sọ fún onílé pé: ilé rẹ ni, ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ wó o, o kò gbọ́dọ̀ kọ́ òmíràn sí i, o kò gbọ́dọ̀ yí ojú ẹ̀ padà. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ń gbówó lórí lọ́dọọdún. Òjò ń rọ̀, páànù ń dípẹtà, ikán ń jẹ igi àjà, ohun tí wọ́n mọ sára ògiri ń jábọ́. Ta ni yóò tún un ṣe? Bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ yẹn ti kú, ẹni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹ̀ ti kú. Onílé àkọ́kọ́ ti kú, ilé ti di ti ọmọ, ti ọmọ ọmọ. Ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rìnlélógún, ẹ bá mi ṣírò iye wọn ní 2010. Rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù tó ń wọlé nísàlẹ̀, tí wọ́n bá pín in, kí ló máa kù fún àjà?

Ní 2016, ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ wó ilé náà ní ó ti ń já bọ́, pé ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu, pé ìjọba tó sọ ọ́ di ohun ìrántí kò tún un ṣe. Àjọ NCMM ní àwọn kò fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó o. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ilé àtijọ́, bíi Legacy 1995, pariwo. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọjà kò pọ̀ nílẹ̀ tí ọ́fíìsì sì wà ní títì, kátàpílà dé. Kó tó di ọjọ́ Ajé, ilé ọdún 161 ti di àlàpà. Ìwé ìròyìn kọ ọ́, rédíò sọ ọ́, gbogbo ayé bínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ̀bi ta ni? Mo ti gbọ́ ẹni tó dá gbogbo ẹ̀bi ru ìdílé, mo ti gbọ́ ẹni tó dá a ru ìjọba. Èmi ò lè dá a ru ẹnì kan ṣoṣo. Òfin ni òfin, ẹni tó wó ilé tí òfin ní kó má wó ti rú òfin. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orúkọ dá ilé lọ́lá fún ọgọ́ta ọdún, tí kò fi owó àjà dá a lọ́lá, òun náà ní ìpín tiẹ̀. Ohun tó pa ilé yẹn gan-an, lójú tèmi, ni pé ó di ti gbogbo èèyàn, àpò kan kò sì sí fún un. Bàbá Fernandez ní àpò, ọtí tó ń tà ló ń tún ilé ṣe. Alfred Ọláìyá ní àpò. Lẹ́yìn wọn, ìdílé ní ìpín, ìjọba ní ìwé, aráàlú ní ìgbéraga, kò sẹ́ni tó ní owó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pé ti páànù nìyí, ti ọ̀dà nìyí. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó àfipamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yá. Àwọn kan máa ń kùn sí i nípàdé ọdọọdún pé kí ni wọ́n ń fi ṣe, kí wọ́n pín in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àjà Ilojo Bar kẹ́ ẹ tó dìbò.

Ẹ má rò pé kò sí èyí tó ye. Ẹ gba òpópónà Kákáwà, ẹ máa rí Ilé Omi, tí òyìnbó ń pè ní Water House. João Èṣan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó padà wálé láti Bahia pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ, ló kọ́ ọ. Kí omi ẹ̀rọ Ìjú tó dé Èkó, omi inú ilé yẹn ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ń rà, ìyẹn ló ṣe ń jẹ́ Ilé Omi. Ẹ ò rí i, ilé náà ń ta nǹkan, ó ń bọ́ ara ẹ̀. Ọmọ ẹ̀, Cândido da Rocha, tí wọ́n bí ní Bahia ní 1860, di ọlọ́rọ̀ tó jẹ́ pé títí di òní, bí ọmọ bá ń béèrè owó jù, àwọn àgbà Èkó á ní, “Ṣé èmi ni Da Rocha ni?” Ó kú ní 1959. Ọmọ Bùràsíìlì kan, Antonio Olinto, kọ ìwé ìtàn àròsọ kan tó fi orúkọ Ilé Omi pè, ó jáde ní 1969. Ìwé náà wà, ilé náà sì dúró.

Àwọn ilé Àgùdà kéékèèké mìíràn ṣì wà káàkiri Campos àti Tòkunbọ̀, àmọ́ wọn ò pọ̀ mọ́. Tí ẹ bá ń kọjá, ẹ gbójú sókè díẹ̀, ju ibi tí ọjà wà lọ. Ẹ wo orí fèrèsé bóyá òdòdó wà níbẹ̀. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ ọdún sára ògiri. Ẹ wo irin faráńdà. Nígbà míì, abẹ́ àjà kan náà lẹ ti ń ra ata, ẹ ò sì mọ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Láyé ìgbà tí fọ́tò ṣọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń dúró níwájú ilé ẹlẹ́wà ya àwòrán lọ́jọ́ ìgbéyàwó tàbí lọ́jọ́ ọdún. Ẹni tó bá ní fọ́tò ìyá ẹ̀ tàbí ìyá ìyá ẹ̀ tí wọ́n yà ní Ìta Tinúbú, tí Ilojo Bar hàn lẹ́yìn wọn, kó jọ̀ọ́ mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó yà á sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì dá fọ́tò yín padà fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fòyà. A fẹ́ kó wọn sínú ìwé àjọ̀dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dúró níbẹ̀ àti ohun tó ń tà.